Kádé Ó Pẹ́ Lórí Ọbabìnrin

Tiráòtù ńlá inú odò Kererū kì í ṣe ẹja tí èèyàn ń ju ìwọ̀ sí láìtíì rí i. Ojú ni yóò kọ́kọ́ mú un kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O ó máa yọ́ rìn lórí bèbè bí olè, o ó máa wo abẹ́ omi, títí o fi máa rí òjìji kan tó ń mì díẹ̀díẹ̀ níbi tí òkúta kì í ti í mì. Ìgbà yẹn lo tó lè ju eṣinṣin rẹ, eṣinṣin ayédèrú tí a fi irun àgbọ̀nrín àti ìyẹ́ adìyẹ wé mọ́ ìwọ̀, kó lè balẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni pé orí igi ló ti já bọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tiráòtù rúsúrúsú tó bá ti dàgbà kì í kánjú. Bó ṣe ń gòkè bọ̀ dà bí ìgbà tí èmi bá ń dìde lórí àga: ìdí á kọ́kọ́ rò ó, orúnkún á dá sí i, kí gbogbo wọn tó fohùn ṣọ̀kan. Á la ẹnu, á gba eṣinṣin náà, á sì ti máa padà lọ sísàlẹ̀ kó tó pa ẹnu dé. Ẹni tó bá fa ọ̀pá sókè ní kété tó rí ẹnu funfun yẹn, òfo ló máa fà. Nítorí náà ni àwọn baba wa ṣe kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ kí Ọbabìnrin. Bí ẹja bá ti gba eṣinṣin, o ó wí i jẹ́jẹ́, láìjẹ ọ̀rọ̀ kankan mọ́nu: "Kádé ó pẹ́ lórí Ọbabìnrin." Lẹ́yìn náà lo tó gbé ọ̀pá. Ọbabìnrin tó ń jọba lé wa lórí jókòó sí ààfin rẹ̀ lókè òkun, kò mọ̀ pé òun la fi ń wọn ẹnu ẹja.

Lachie, ọkọ mi, mọ ọba kí. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni mo ti ń já eṣinṣin gbà kúrò lẹ́nu ẹja bí ẹni ń já súìtì gbà lẹ́nu ọmọ. Lachie á jókòó sórí òkúta, á wò mí, á ní, "Noeline, ta lo kí níbẹ̀ yẹn?"

Màá ní, "Ìyá rẹ ni mo kí."

"Eṣinṣin tó bà sórí ẹpọ̀n, sùúrù la fi ń lé e."

"Ẹpọ̀n ò sí lára tèmi, ìdí nìyẹn tí sùúrù ò fi sí."

Nígbà tó yá, mo fi ọ̀pá sílẹ̀ fún un. Mo di ẹni tó ń gbé àwọ̀n àti fúláàsì tíì, tó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, tó sì ń fi àwọ̀n gbé ẹja tí ẹlòmíràn mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, ó sì tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà ni ojú Lachie bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àárín ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń rí etí ayé, kò rí àárín rẹ̀. Bó bá kọjú sí mi, etí mi méjèèjì ló ń rí, àyè tí ojú mi wà ti di èéfín. Mo sọ fún un pé àánú Ọlọ́run nìyẹn, torí ojú náà ti di ohun tí kò yẹ kí ọkùnrin máa fi ṣí ojú tirẹ̀ lówùúrọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí.

Ọkọ mi, tó na wáyà yí gbogbo oko àgùntàn agbègbè wa ká, láti ẹsẹ̀ òkè dé Lumsden, wá gbé àga dojú kọ ààrò èédú, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Redíò á máa sọ̀rọ̀, kò ní dá a lóhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kéde pé Ọbabìnrin ti wàjà, mo dúró láàárín ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́, ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Lachie, ṣé o gbọ́?" Ó ní, "Mo gbọ́." Ó na ọwọ́ sí ààrò, bí ẹni pé ooru ibẹ̀ ti tán.

Raewyn, ọmọ wa, wá láti Invercargill. Ó ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan wà lẹ́bàá òun, ibẹ̀ mọ́, oúnjẹ ibẹ̀ dáa. Lachie ní kó ṣe bó ṣe wù ú. Lachie yẹn kan náà, tó ti ń bá Raewyn jiyàn láti ìgbà tọ́mọ náà ti wà lẹ́nu ọmú. Ó tún ránṣẹ́ sí Tāmati, tó ni oko tí odò Kererū ti ń ṣàn jáde, pé kó wá kó àwọn ọ̀pá ìpẹja òun, torí wọn ò wúlò fún òun mọ́.

Bàbá tó bí mi gbé àga dojú kọ ògiri báyìí nígbà kan. Kò pẹ́ tá a fi sin ín. Kì í ṣe àìsàn ló pa á. Ohun tó máa dìde fún ni kò sí mọ́.

Mo bẹ Lachie. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Jẹ́ ká gòkè lọ sí Kererū lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi á jẹ́ ojú, ìwọ á jẹ́ ọwọ́."

"Ìwọ, ojú? Ṣebí ojú yẹn lo fi yàn mí."

"Àṣìṣe ìgbà èwe nìyẹn. Ojú náà ti là látìgbà yẹn."

Ó fọwọ́ wá èédú kan, ó jù ú sínú ààrò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bó bá já sófo, Tāmati á kó àwọn ọ̀pá lọ. A ó lọ bá Raewyn. O ò sì ní dárúkọ odò sí mi létí mọ́, Noeline, títí màá fi kú."

Mo ní mo gbà. Kí ni ǹ bá tún wí?

Tāmati fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé ẹnu géètì tó kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé dáadáa, koríko orí òkè ti pọ́n bí irun ológbò, àwọn kòkòrò igi tó máa ń han nígbà ooru sì ti ń ké nínú igbó débi pé èèyàn ò gbọ́ ara rẹ̀. Mo wọ ṣòkòtò péńpé lórí ṣòkòtò onírun àgùntàn tó dé kókósẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń wọ̀ ọ́ wọnú odò. Tāmati wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Áńtí, ṣòkòtò ta lẹ wọ̀ yìí?"

"Ti ọkọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára kọjá. Àwọn àgùntàn mi á sá."

"Wọ́n ti rí ìdí tó burú ju tèmi lọ. Ṣebí ìwọ lò ń rẹ́ irun onígbẹ̀ẹ́ ìdí wọn lọ́dọọdún."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ Lachie ti ń tọ wáyà ọgbà lọ, ó ń fọwọ́ kan òpó kọ̀ọ̀kan, òpó tí òun fúnra rẹ̀ rì. Tāmati rẹ ohùn sílẹ̀. "Áńtí, àwọn ọ̀pá yẹn ńkọ́? Kí n yà kó wọn lónìí ni?"

Mo ní, "Pàdé wa níbí nírọ̀lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún ọ."

A wọnú odò. Nílẹ̀ wa, èèyàn méjì kì í dá omi là lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kálukú á kọ́ apá sí ẹ̀yìn ẹnì kejì, á di okùn àpò rẹ̀ mú, ẹni tó wúwo jù á wà lápá ibi tí omi ti ń bọ̀. Èmi ni mo wúwo jù, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Omi kọ lu ìdí mi, ó rò ó, ó yà sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn mi, Lachie ń rìn ní gbígbẹ bí ọmọ aládé. Bí a ṣe dé òdìkejì, ó ní, "Ìdí yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mo gbà á bí ẹ̀bùn.

Ẹja àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ igi kan tó wó dábùú omi. Mo rí ìrù rẹ̀ kí n tó rí ara rẹ̀. Ó nípọn bí apá Tāmati, ó dúró lójú kan, ó ń la ẹnu ó ń pa á dé bí ẹni ń gbàdúrà sínú. Mo fi ọwọ́ mi tọ́ ọ̀pá ọwọ́ Lachie sí apá ibẹ̀. Mo ní, "Jìnnà tó láti ẹnu ilẹ̀kùn wa sí igi ápù. Sọ́tùn-ún díẹ̀." Ó jù ú. Ẹ wò ó, ọwọ́ yẹn ò gbàgbé ohunkóhun. Okùn na ara rẹ̀ gbọọrọ lókè, eṣinṣin balẹ̀ níbi tí mo fẹ́ gan-an, ó ń léfòó bọ̀.

Ẹja náà gbéra. Mo rí gbogbo àyà rẹ̀ tó ń gòkè bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe là báyìí, mo ní, "Gbé e."

Lachie gbé e. Eṣinṣin fò kúrò lẹ́nu ẹja náà lọ kọ́ sórí ẹ̀ka igi. Omi gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, òjìji náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Kò bá mi wí. Ì bá bá mi wí ni ọkàn mi ì bá balẹ̀.

A tún rìn títí. Kantíkantí ń jẹ wá lọ́rùn, wọ́n ń jẹ mí níbi tí mi ò lè họ níwájú ọmọlúàbí. Ẹja kejì wà ní ojú omi fífẹ̀ kan, omi náà mọ́ gaara, mo lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo búra fún ara mi pé mi ò ní kánjú. Lachie ju eṣinṣin, ẹja gòkè, ó gbà á. Mo kí Ọbabìnrin nínú ikùn mi, mo sì tún bẹ̀rù pé mo ti yára jù, mo wá tún un kí. Nígbà tí mo máa fi la ẹnu sọ pé "Gbé e," ẹja ti mọ̀ pé irun àgbọ̀nrín lòun ń jẹ, ó ti tu ú dànù.

Lachie rọra ká okùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá òkúta kan, ó jókòó lé e.

Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi ojú rẹ. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ mi. Ojú wà lórí ẹnì kan, ọwọ́ wà lára ẹlòmíràn. Àárín àwa méjèèjì lẹja ti bọ́, kò sì sí àwọ̀n tó lè dí ibẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀pá rẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ okùn, ó fi aṣọ wé e bí ìgbà tí wọ́n ń wé ọmọ tuntun, tàbí òkú. Mo bu tíì fún un, mo gé búrẹ́dì àti ẹran àgùntàn tútù sí i lọ́wọ́. A jẹun. Àwọn kòkòrò igi ń han. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀, mo ń rò ó pé ibi tí ọwọ́ yẹn máa gbé wà láti ìsinsìnyí lọ nìyẹn.

Níbi tí mo ti gbójú kúrò lára rẹ̀ kó má bàa gbọ́ bí mo ṣe ń mí, mo rí nǹkan kan. Ó wà nínú omi lápá òkè, lábẹ́ òkúta dúdú kan tó gùn bí ògiri. Mo kọ́kọ́ rò pé ìtì igi ni. Ìtì igi náà yí padà, ó gba kòkòrò kan lójú omi, ó padà sípò. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi lórí odò yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Mo ní, "Lachie. Òmíràn wà lókè yẹn."

"Kó wà níbẹ̀."

"Ó tóbi."

"Kó tóbi níbẹ̀."

"Bàbá ẹja ni. Bí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí ibùsùn, màá rí i pé ó sàn jù ọ́."

"Noeline, mo ti tú ọ̀pá. Lọ mú un fúnra rẹ."

"Èmi? O mọ̀ mí. Màá fa eṣinṣin yọ."

"Fà á yọ nígbà náà. A ti ń lọ sí Invercargill náà nìyẹn."

Inú bí mi. Mo gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un tò. Ṣùgbọ́n ìka mi ti rọ, mi ò lè so eṣinṣin mọ́ okùn tín-ín-rín yẹn. Mo gbé e lọ síwájú rẹ̀ bí ọmọ tó gbé bàtà wá kí wọ́n bá òun so ó. Ó fi ètè rẹ̀ wá ojú ihò ìwọ̀ náà, ó ki okùn bọ̀ ọ́, ó lọ́ ọ, ó fi itọ́ rin ín, ó fà á le. Kò wò ó rárá. Nígbà tó parí, ó dìde. Mi ò bi í pé ibo ló ń lọ. Ó di okùn àpò mi mú lẹ́yìn, ó tẹ̀ lé mi wọnú omi.

Mo ju eṣinṣin. Lẹ́yìn mi ló lọ, kò lọ síwájú. Mo fà á, ó dúró gbọin, mo sì mọ̀ pé nǹkan mú mi níbi tí kò yẹ.

Mo ní, "Lachie, ó ti kọ́ mi."

"Níbo?"

"Níbi tí omi ti yà."

Ó fi ọwọ́ tọ okùn bọ̀ títí ó fi dé ìdí mi, ó wá ìwọ̀ náà rí nínú ṣòkòtò onírun, ó yọ ọ́. Ó wá fi ọwọ́ gbá ibẹ̀ pẹ́ẹ́. Ó ní, "Èyí tóbi ju tòkè lọ. Ṣùgbọ́n mo ti mú un tẹ́lẹ̀, mo dá a padà sómi." Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín náà ṣe ń dún, bí géètì tó nílò òróró. Mi ò yíjú padà, kó má bàa dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Tún un jù. Má wo apá rẹ. Wo ibi tó o fẹ́ kó balẹ̀."

Mo tún un jù. Kò dáa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ bá mi tún un ṣe. Eṣinṣin bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta dúdú yẹn, ó ń yí bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ń sọ ohun tí mo ń rí fún un: ó wà lókè, ó ń bọ̀, ó ku díẹ̀, ẹja ò tíì rí i, ẹja ti rí i.

Ìtì igi náà gbéra láti ìsàlẹ̀.

Ọwọ́ Lachie bà lé ìgbọ̀nwọ́ mi. Kò fà á, kò tì í. Ó kàn fi ìwúwo rẹ̀ sórí rẹ̀. Mo rí ẹnu funfun náà tó là. Gbogbo iṣan ara mi ní kí n fà á, ọwọ́ yẹn ò sì jẹ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé tí òkú wà:

"Kádé ó pẹ́. Lórí. Ọbabìnrin."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ẹnu mi ni. Mo ní, "Lachie, ó ti wàjà."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ó ti wàjà." Ó wá gbé ọwọ́ kúrò lórí ìgbọ̀nwọ́ mi.

Mo gbé ọ̀pá. Ó tẹ̀, kò sì padà. Ó dà bí ẹni pé ìsàlẹ̀ odò ni mo fi ìwọ̀ kọ́.

Ọba kankan ò gba irú ìkíni gígùn bẹ́ẹ̀ rí, ẹja yẹn sì nílò gbogbo rẹ̀. Ó ti pa ẹnu dé, ó ti kọjú sísàlẹ̀, ìwọ̀ ti jókòó sí igun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ okùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lachie ń fi etí tẹ̀ lé e. "Jẹ́ kó lọ. Má dì í. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ká a. Ká a kíákíá. Níbo ló kọjú sí?"

"Ìdí òkúta."

"Tẹ ọ̀pá sápá òsì, kó o máa rìn lọ sísàlẹ̀. Rìn, obìnrin yìí, kì í ṣe àkókò ijó."

Mo rìn, mo ṣubú, mo jókòó sínú omi títí dé ọmú, mo sì ń ká okùn lọ lórí ìjókòó. Nígbà tí ẹja náà yí ẹ̀gbẹ́ sókè níkẹyìn, Lachie ti kúnlẹ̀ sínú omi pẹlẹbẹ, àwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo darí ẹja sí i, mo ní, "Nísinsìnyí." Ó gbé àwọ̀n. Ìrù ò wọ inú rẹ̀ tán.

Kò gbé e kúrò nínú omi. Ó fi ọwọ́ kan gbé ikùn rẹ̀, ó fi ìkejì tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù, ó tún tọ̀ ọ́ padà. Ó fi ìka wá àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ti ká bí ìwọ̀, ti akọ arúgbó. Lẹ́yìn náà ló tẹ orí ba, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ ṣe ń wo hóró àgbàdo, ó fi etí ojú tó ṣẹ́kù wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Omi ń ṣàn gba àárín orúnkún rẹ̀ kọjá.

Ó ní, "Mo rí àmì pupa kan."

Mo ní, "Ó pọ̀ lára rẹ̀."

"Ọ̀kan ni mo rí. Ó ní funfun yí i ká."

Ó yọ ìwọ̀, ó kọjú ẹja sí ìṣàn omi, ó dì í mú títí ẹ̀mí fi padà sínú rẹ̀. Nígbà tó la ọwọ́, ẹja náà ò kánjú. Ó dúró díẹ̀ láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wá lọ.

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ẹja ti ń la ẹnu, tó fi bẹ̀rẹ̀ ìkíni.

Ó ní, "O dákẹ́."

"Mo dákẹ́?"

"O ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu géètì. Lójijì, ohùn rẹ wọlé. Kò sí ohun mìíràn lórí ilẹ̀ ayé tó lè pa ẹnu yẹn dé."

Tāmati ti ń dúró, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò. Ó rí omi tó ń kán lára wa, kò béèrè ẹja, torí a kì í gbé wọn wálé láti òkè yẹn. Ó wo ọ̀pá ọwọ́ mi. "Bọ̀ọ̀dá Lachie, ṣé kí n gbà á?"

Lachie na ọwọ́, ó wá òpó géètì, ó dì í mú. Ó ní, "Mi ò lè fún ọ ní ohun tí kì í ṣe tèmi. Ti Noeline ni. Ṣùgbọ́n kò mọ ọba kí, ó sì ti dàgbà jù láti kọ́ ọ. Màá máa bá a lọ."

Raewyn bínú díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ọ̀kan nínú wa á rì sómi. Mo ní ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn ti wọlé báyìí. Etí ayé tí Lachie ń rí tẹ́lẹ̀ náà ti ń rẹlẹ̀, ọjọ́ mìíràn á wà tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí. Àga rẹ̀ ti kọjú sí fèrèsé, mi ò mọ ọjọ́ tó yí i padà. Bí ara bá gbà wá, Tāmati á gbé wa dé ẹnu géètì. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Gore ní ọba tuntun ti wà, kí a yí ìkíni wa padà. A gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹja bọ́. Nítorí náà bí mo bá ti dákẹ́, Lachie á fi ọwọ́ lé ìgbọ̀nwọ́ mi, á ní kádé ó pẹ́ lórí Ọbabìnrin. Màá ní ó ti wàjà. Á ní òótọ́ ni. Ìgbà yẹn ni mo tó ń gbé ọ̀pá.